Ọ̀rọ̀ Ìdílé: Àjọsùn Kò Dùn Bí Ẹnìkan Kò Bá Rí Oorun Sùn

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan, ọmọ ilẹ̀ wa, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí a kà á tán, a rí i pé ọ̀ràn tí ó mú wá kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ dá a lóhùn ní gbangba, láìdárúkọ rẹ̀.

Ó kọ̀wé pé láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn ti wà ní kékeré ni àwọn ti gba àṣà kan lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, èyí tí í ṣe pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ènìyàn a fi ilé sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, a lọ pàgọ́ sínú igbó lórí òkè, a máa dáná níta, a sì máa gbádùn atẹ́gùn tútù. Àwọn ọmọ ti dàgbà nísisìyí, wọ́n sì ti lọ. Ó ku àwọn méjèèjì nínú àgọ́ kan. Ní ọdún yìí, bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ ra ibùsùn àsorọ̀ méjì láìbi í léèrè, ó ní òun kò tún ní sùn nílẹ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá náà wí: “Olóòtú, ọdún 28 ni a ti jọ ń sùn lórí ẹní kan. Ohun tí ìyá mi àgbà sọ fún mi pé a fi ń gbé àwọn Òyìnbó kiri ní ayé àtijọ́ ni ọkọ mi fẹ́ kí n máa sùn sí. Èmi ní igi tèmi, òun ní igi tirẹ̀. Ṣé kì í ṣe bí ìyapa ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí?”

Nísàlẹ̀ ìwé náà ni ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan: pé ní ìrìn àjò wọn ti èṣí, bàbá a máa rọra dìde ní òru, a lọ jókòó sínú ọkọ̀ wọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó rò pé ìyàwó òun ti sùn, ìyá náà a sì díbọ́n bí ẹni tí ó sùn, kí ojú má baà ti ọkọ rẹ̀.

Ìyá wa, lórí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ìdáhùn wa dúró. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí bàbá rà bọ̀.

Lóòótọ́ ni ìyá yín àgbà wí. Kí ọ̀nà ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ wa, nínú ibùsùn àsorọ̀ tí a so mọ́ ọ̀pá gígùn ni àwọn aláàárù ti ń gbé àwọn aláṣẹ Òyìnbó, àti àwọn míṣọ́nnárì mìíràn pẹ̀lú, láti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Òyìnbó ni ó dá a sílẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí àtigbé ènìyàn ni a ṣe dá a. Ọwọ́ àwọn Taíno, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ní àwọn erékùṣù òkun Karibeani, ni Columbus ti rí i nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wọn ní 1492. Hamaca ni wọ́n ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ náà ni àwọn Òyìnbó sì ti rí hammock tí wọ́n ń pè é títí di òní. Ní 1500, nígbà tí ọkọ̀ àwọn ará Pọtogí dé Brasil, akọ̀wé wọn, Pero Vaz de Caminha, kọ̀wé sí ọba rẹ̀ pé láàrin òpó sí òpó nínú ilé ni àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ so ibùsùn wọn rọ̀ sí, wọ́n sì ń dáná sábẹ́ rẹ̀ kí ara wọn lè móoru. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iná yìí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Títí di òní, ní apá àríwá-ìlà-oòrùn Brasil, àti ní Yucatán ní ilẹ̀ Mexico, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń sùn bẹ́ẹ̀ nínú ilé wọn. Oríṣi ńlá kan wà tí a ń hun fún ẹni méjì: ní Brasil, ti tọkọtaya ni wọ́n ń pè é, ní Yucatán, matrimonial ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ti ìgbéyàwó. Nítorí náà, ìyá wa, láti ìpìlẹ̀ṣẹ̀ wá ni ibùsùn àsorọ̀ kì í ti í ṣe ibùsùn àpọ́n.

Kí ni ó wá ń lé àwọn ènìyàn kúrò nínú àgọ́? Ní ìpínlẹ̀ yín gan-an, lórí òkè Springer, ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí a ń pè ní Appalachian Trail ti bẹ̀rẹ̀. A parí lílà rẹ̀ ní 1937. Ó gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá, ó sì ju máìlì 2,100 lọ kí ó tó dé òkè Katahdin ní Maine. Ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àwọn tọkọtaya kan ti pa àgọ́ tì. Àgọ́ ń fẹ́ ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí ó gbẹ, tí kò ní gbòǹgbò tàbí òkúta; igbó orí òkè kò sì ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀, ẹni tí ó sùn lápá òkè yóò máa yí lu ẹni tí ó sùn nísàlẹ̀ ní gbogbo òru. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá a wá ènìyàn wá sórí ẹní. Ọ̀dọ́mọkùnrin lè fara da èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ju 50 lọ, egungun ìbàdí àti èjìká rẹ̀ ni ilẹ̀ líle ń tẹ̀, àtidìde ní òwúrọ̀ a sì di iṣẹ́. Ibùsùn àsorọ̀ kò béèrè ju igi méjì lọ. Gbòǹgbò, òkúta àti àgbàrá a wà nísàlẹ̀, ẹni tí ó sùn a wà lókè wọn. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, a fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ bí ẹni tí ó dìde lórí àga.

Ìyá tí ó ti pọn ọmọ rí mọ̀ pé mímì jẹ́jẹ́ a máa mú oorun wá. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Geneva ní ilẹ̀ Switzerland mú ọkùnrin 12 sùn lọ́sàn-án fún ìṣẹ́jú 45 lórí ibùsùn tí a so rọ̀. Nígbà tí ó ń mì jẹ́jẹ́, wọ́n tètè sùn ju ìgbà tí ó dúró jẹ́ẹ́ lọ. Ọkùnrin 12 kò pọ̀, oorun ọ̀sán kì í sì í ṣe oorun òru, nítorí náà a kò fi èyí ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí ẹ̀yìn ìyá ti kọ́ gbogbo wa mu.

Bí ó ti wù kí ó rí, a kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn kan ti gbìyànjú ibùsùn yìí ní òru kan ṣoṣo, wọ́n sì fi ìbínú padà sínú àgọ́, nítorí pé wọn kò mọ bí a ti ń lò ó. Ohun mẹ́ta ni kí a ṣọ́ra fún.

Èkíní ni fífà á le. Ẹni tí ó bá fa okùn rẹ̀ títí aṣọ fi le tantan rò pé òun ń mú un tẹ́jú ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ aṣọ yóò fún un léjìká. Kí okùn sọ̀ kalẹ̀ láti ara igi ní ìwọ̀n dígírì 30, kí aṣọ náà tẹ̀ kòrókòró bí oṣù tuntun, kí àárín rẹ̀ sì ga tó àga, bí íńṣì 18 sí ilẹ̀. Kí ènìyàn má sì ṣe sùn gbọọrọ sí àárín gan-an, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kí ó dábùú díẹ̀, kí orí kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹsẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà náà ni aṣọ yóò tẹ́jú lábẹ́ rẹ̀. Nítorí èyí ni aṣọ tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 11 fi sàn fún àgbàlagbà ju èyí tí ó kúrú lọ.

Èkejì ni òtútù. Atẹ́gùn tí ń kọjá lábẹ́ ibùsùn ni ó ń gba ooru ara lọ. Àpò ìsùn tí ó nípọn nìkan kò tó, nítorí ara ẹni a máa tẹ abẹ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ, ohun tí a bá sì ti tẹ̀ pẹlẹbẹ kò lè mú ooru dúró mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn onílẹ̀ Brasil fi ń dáná sábẹ́ tiwọn ní 1500. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán iyẹn wò lónìí, nítorí aṣọ náílọ́ọ̀nù ni a fi ń ṣe ti àwọn arìnrìn-àjò, iná a sì máa yọ́ ọ. Kúbùsù nínípọn ni kí a so mọ́ abẹ́ ibùsùn láti ìta, níbi tí ara kò ti lè tẹ̀ ẹ́. Kí a má sì gbàgbé àwọ̀n ẹ̀fọn, àti aṣọ tí omi kò lè gbà kọjá, tí a ó ta sókè fún òjò.

Ẹ̀kẹta ni igi. Igi tí ó yè, tí ó sì nípọn, ni kí a yàn, kí àárín méjèèjì tó ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 15. Kí a gbójú sókè kí a tó so ohunkóhun, nítorí ẹ̀ka gbígbẹ lè já lu ẹni tí ó sùn. Ọ̀já pẹlẹbẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò dín sí íńṣì kan ni kí a fi yí igi ká, kí ó má ṣe jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò gé èèpo rẹ̀. Kí a sì bi olùtọ́jú igbó léèrè, nítorí ibòmíràn wà tí a kò gbà kí a so nǹkan mọ́ igi.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan tọkọtaya. Ibùsùn fífẹ̀ ti Yucatán kọ́ ni èyí tí àwọn arìnrìn-àjò ń gbé sínú àpò ẹ̀yìn wọn. Aṣọ fẹ́lẹ́ ni tiwọn. Bí a bá kó ẹni méjì sínú ọ̀kan, àwọn méjèèjì yóò yí lọ sí àárín, èjìká yóò fún èjìká, kò sì sí ẹni tí yóò sùn. Bàbá kò ṣe àṣìṣe, nígbà náà, tí ó ra méjì. Ṣùgbọ́n ibùsùn méjì kò wí pé kí ẹ yà. Ẹ wá igi méjì tí ó nípọn dáadáa, kí ẹ so méjèèjì mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, lábẹ́ ìbòrí òjò kan tí ó fẹ̀; bí ẹ bá na ọwọ́, ẹ ó kan ara yín. Tàbí kí ẹ wá igi mẹ́ta, kí orí yín pàdé ní igi kan, kí ẹsẹ̀ yín yà sí igi méjì yòókù. Ẹ ó lè máa bá ara yín sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí oorun yóò fi gbé yín lọ. Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹrù àti owó ibùsùn méjì pẹ̀lú kúbùsù wọn sábà máa ń ju ti àgọ́ kan lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé yín. Àwọn baba wa ní, ẹni tí ó sùn ni à ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ìyá wa, apirọrọ méjì ni ó wà nínú àgọ́ yín ní èṣí. Bàbá ń pa ìrora mọ́ra kí ẹ lè sùn. Ẹ̀yin ń díbọ́n oorun kí ojú má baà tì í. Ìfẹ́ ni ó fa méjèèjì, a mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan jókòó sínú ọkọ̀, tí èkejì la ojú sílẹ̀ nínú òkùnkùn, ẹní kan tí ẹ tẹ́ kò so yín pọ̀ mọ́. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Àjọsùn náà kò dùn bí ẹnìkan kò bá rí oorun sùn. Ìyapa tí ẹ ń bẹ̀rù lára igi méjì ti wọ inú àgọ́ yín kí bàbá tó ra ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n a kò dá bàbá láre tán. Kò yẹ kí ènìyàn lọ sọ́jà ra ibùsùn méjì láìfi ọ̀rọ̀ lọ ẹni tí yóò sùn lórí ọ̀kan nínú wọn. Bí ó bá ti sọ ní èṣí pé, “Ìyá àwọn ọmọ mi, ẹ̀yìn ń dùn mí,” ìyàwó rẹ̀ ìbá gba ibùsùn náà bí oògùn, kì í ṣe bí ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Kí ó sì fi ẹ̀yìn náà han dókítà, nítorí ibùsùn kò lè wo àrùn tí a kò tíì mọ̀.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí ẹ tó lọ sórí òkè, ẹ so méjèèjì sí ẹ̀yìnkùlé yín, kí ẹ sùn níbẹ̀ ní òru kan, níbi tí ilẹ̀kùn ilé kò jìnnà bí òtútù bá mú yín. Bí ó bá bá yín lára mu, ó parí. Bí kò bá bá ẹ̀yin lára mu, nítorí ẹni tí ó máa ń dojú bolẹ̀ sùn kì í sábà gbádùn rẹ̀, kí bàbá so tirẹ̀, kí ẹ pa àgọ́ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹnu àgọ́ náà kọjú sí i. Kò sí òfin tí ó ní kí tọkọtaya máa fara da ìyà kan náà kí a tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Òfin kan ṣoṣo ni a ó fi lé ẹ̀yin méjèèjì lọ́wọ́: bí ẹnìkan bá jí ní òru pẹ̀lú ìrora, kí ó pe èkejì.

Ẹ kọ̀wé sí wa nígbà tí ẹ bá ti àjò náà dé, kí a lè gbọ́ bí ó ti rí. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.