Ọbàkan Nínú Agbo Àgùntàn: Èrò Lórí Ọ̀rọ̀ Kan

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn tí ó ń fún olùtumọ̀ ní ìṣòro ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní inbreeding. Bí olùtumọ̀ bá pè é ní "ìgbéyàwó láàrin ẹbí", ẹ̀rín ni yóò pa ẹni tí ó ń sin àgùntàn ní Àjàṣẹ́-Ìpo, nítorí ẹran kì í gbéyàwó. Bí ó bá sì fi lẹ́tà Yorùbá kọ ìró Gẹ̀ẹ́sì náà, òǹkàwé kò ní rí nǹkan kan dì mú. Bẹ́ẹ̀, ewu tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ẹ wo ilé tí ó ní abo àgùntàn 5 tàbí 6 àti àgbò kan. Oyún àgùntàn ń gbà tó oṣù 5. Abo tí a bí lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ láti nǹkan bí oṣù 7. Nítorí náà, bí àgbò bá ti lo ọdún 1 àti díẹ̀ nínú agbo, ó lè máa gun ọmọ ara rẹ̀. Ní Bìrìtéènì, ìgbà ìwọ́wé tí ojúmọmọ ń kúrú ni àgùntàn sábà máa ń wá akọ. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kò rí bẹ́ẹ̀: abo tí kò lóyún ń wá akọ ní nǹkan bí ọjọ́ 17 síra wọn yípo ọdún. Ìwé tí ó bá túmọ̀ ìmọ̀ràn ti ọ̀hún láìyí i padà yóò ṣi ẹlẹ́ran lọ́nà.

Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ọ̀ràn yìí mu. Ọmọ bàbá kan náà láti inú ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọbàkan. Ọmọ ìyá kan náà ni iyèkan. Nínú agbo tí ó ní àgbò kan ṣoṣo, ọbàkan ni gbogbo ọmọ. Bí àgbò bá gun ọmọ rẹ̀, ìdá 1 nínú 4 jíìnì ọmọ tí wọn yóò bí ni a retí pé yóò jẹ́ ẹ̀dà kan náà láti ìhà méjèèjì. Bí ọbàkan bá gun ọbàkan, ìdá 1 nínú 8 ni. Àbùkù tí ì bá fara sin yóò wá yọjú: ọmọ lè kéré nígbà ìbí, ó lè tètè kú, ó sì lè má dàgbà bí ó ti yẹ.

Ìmọ̀ràn tí ó tọ́ ni pé kí a pe ọ̀ràn náà lápapọ̀ ní ìgùn-ìbátan, kí a sì pín in sí ìgùn bàbá-sọ́mọ àti ìgùn ọbàkan. Ẹnìkan lè sọ pé ènìyàn ni ọbàkan wà fún. Ṣùgbọ́n àṣà ni ó dá ìgbéyàwó sílẹ̀. Ìbí ni ó dá ọbàkan sílẹ̀, ẹran sì ń bímọ bí ènìyàn.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti tọ́, ẹ̀kọ́ yóò rọrùn. Kí ọmọ àgbò tó dàgbà tó ẹni tí ń wá akọ, kí olówó rẹ̀ fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́ran mìíràn ní Òmù-Àrán tàbí Ọ̀fà. Kí àwọn akọ kéékèèké tó pé oṣù 5, kí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ tàbí kí ó tẹ̀ wọ́n lọ́dàá. Bí Iléyá bá dé, kí ó má ta èyí tí ó dára jù, kí ó wá fi aláìlera sílẹ̀ fún agbo. Àgbẹ̀ kì í jẹ iṣu tán láìfi èbù sílẹ̀. Orúkọ tí ó yẹ èyí tí a fi sílẹ̀ ni àgbò àṣàyàn.

Ó ku àmì ohùn. Agbo ni ọ̀wọ́ ẹran, àgbò ni akọ àgùntàn, àgbo sì ni oògùn tí a ń mu. Ìwé tí kò bá fi àmì sí i, tí ó sì ní kí ẹlẹ́ran pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, kò tíì sọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ó pààrọ̀.