Ọwọ́ Tó Ń Kú Lóru

Ọwọ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ́rù ní èbúté Àpápá á jí lóru, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á ti kú, á máa ta á bí abẹ́rẹ́. Tó bá ṣe, ẹsẹ̀ á wú títí bàtà kò fi ní gbà á mọ́. Ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ àṣekára ni, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ àrùn tí wọ́n ń pè ní amyloidosis.

Ẹ̀dọ̀ ló ń pèsè èròjà kan tó ń jẹ́ transthyretin. Bí èròjà yìí bá dà rú, á lọ lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ àti ẹran ọkàn bí ìdọ̀tí, ọkàn á wá le gbagidi. Àbùkù àjogúnbá kan tó lè fa àrùn yìí, V122I, ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí 3 sí 4 nínú 100 aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló gbé e sára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń di aláìsàn.

Lọ́dún 2023, èsì àkọ́kọ́ jáde lórí NI006, èròjà agbógunti-àrùn tí wọ́n ń fà sí iṣan lóṣooṣù kó lè palẹ̀ ìdọ̀tí náà mọ́. Ènìyàn 40 péré ni wọ́n fi dán an wò, Yúróòpù sì ni. Ìdọ̀tí náà jọ pé ó dín kù lára àwọn tó gba ìwọ̀n oògùn tó pọ̀.

Ilé wa ni àbùkù ti ṣẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n ti ń dán oògùn wò! Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìwòsàn LUTH wà, kò jìnnà sí Àpápá. Kí wọ́n tó gbé ìdánwò débẹ̀, ìbéèrè kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀: “Bàbá, ṣé ọwọ́ yín méjèèjì máa ń kú lóru?”