Ọmọ ọlọ́jà Asafo tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin ńkọ́?

Ní ọjà Asafo nílùú Kumasi, ìyá ọlọ́jà tó bá bímọ kì í pẹ́ kó tó padà sí ìsọ̀. Òfin iṣẹ́ Ghana ti ọdún 2003 fún obìnrin òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 12, ó kéré tán, pẹ̀lú owó oṣù. Ta ni yóò san owó oṣù fún ẹni tó ń dá ta tòmátì tirẹ̀?

Láti ọdún 2007 ni Ghana ti sọ ọdún méjì ní jẹ́lé-ó-sinmi di ara ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó pọn dandan. Ìgbésẹ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 4 ló ń bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀yìn ìyá ni, tàbí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, tàbí ilé ìtọ́jú ọmọ tí wọ́n ń sanwó fún.

Ìwádìí máa ń tọ́ni sọ́nà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015 ní ilé ẹ̀kọ́ 240 ní ẹkùn Accra fi hàn pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ń mú kí ọmọ gbáradì fún ẹ̀kọ́. Àmọ́ ọmọ tó ti wọ kíláàsì nìyẹn.

Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ Kumasi ran olùwádìí lọ sáàárín ìsọ̀: ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀, ta ló ń tọ́jú wọn, eélòó ni ìyá wọn ń san? Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí ìjọba kò kà, kò lè ṣètò fún un.