Odò Kan Náà La Ń Sọdá

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tó ń gbé ìlú Ìbíní, bí a ti ń jẹ tí a ń mu, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a bá ara wa sọ lójú korojú nítorí àwọn ọmọ wa.

Ẹni tó bá ń ná ọjà Oliha yóò ti gbọ́ àríyànjiyàn náà: láàárín Ifẹ̀ àti Ìbíní, ta ni bàbá, ta ni ọmọ? Àwa á ní Ọ̀rànmíyàn ló wá tẹ ìdílé ọba dó síbí. Àwọn ará Ẹ̀dó á ní Ekaladerhan, ọmọ Ògìsó wọn, ló lọ di ọba ní Ifẹ̀. Láti 2004, tí Ọba Erediauwa ti fi ìtàn Ekaladerhan sínú ìwé rẹ̀, iná náà tún ràn sí i. A kò ní dá ẹjọ́ yẹn lónìí. Ohun tí a ń bá wí ni pé bí a bá ti jà tán lọ́jà, a ó délé sọ fún ọmọ pé ilẹ̀ àjèjì ló wà, pé kò sí ohun tó kàn án níbí. Irọ́ gbáà ni!

Oliha tí ọjà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, olórí àwọn Uzama, àwọn afọbajẹ Ìbíní, ni. Nínú ìtàn tí Jacob Egharevba tẹ̀ jáde ní 1934, Oliha wà lára àwọn tó ránṣẹ́ sí Ifẹ̀ pé kí wọ́n fún àwọn ní ọba. Orúkọ tó so ìlú méjèèjì pọ̀ la dúró lábẹ́ rẹ̀ tí a ń jà.

Ẹ tún wo odò. Bí ẹ bá gba Ìfọ́n lọ sí Ọ̀wọ̀, ẹ ó sọdá Odò Ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí Èkó, ẹ ó sọdá Odò Ovia. Odò kan náà ni! Orí òkè ní ilẹ̀ Yorùbá ló ti ṣàn wá. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Oǹdó ń jẹ́ Ọ̀sẹ̀, méjì ní Ẹ̀dó ń jẹ́ Ovia. Ó ba Igbó Okomu pààlà, igbó tí ìjọba sọ di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè ní 1999. Ìtàn Ẹ̀dó ní aya ọba ni Ovia, owú orogún ló mú un yọ́ di omi. Ẹni tó mọ ìtàn Ọ̀ṣun àti Ọbà kò ní pe èyí ní ìtàn àjèjì.

Nítòsí odò yìí lápá òkè ni Ọ̀wọ̀ wà. Láàárín 1969 sí 1971, Ekpo Eyo hú ère amọ̀ jáde níbẹ̀, ọnà Ifẹ̀ àti ọnà Ìbíní sì pàdé lára wọn. Lápá ìsàlẹ̀ ni Ughoton, èbúté àtijọ́ tí àwọn Potogí ń gúnlẹ̀ sí láti nǹkan bí 1486.

Àwọn kan yóò ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀sẹ̀ dé ilẹ̀ Ẹ̀dó, ó gba orúkọ kejì, omi rẹ̀ kò sì dín. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá tó sì gbọ́ Ẹ̀dó kò pàdánù ohunkóhun. Èyí tí a kọ́ pé Ìbíní kì í ṣe tirẹ̀, tó wá dé Ọ̀wọ̀ tàbí Ìlọrin tí wọ́n ń pè é ní ọmọ Ìbíní, níbo la fẹ́ kó fi ṣe ilé?

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa nínú ọjà, ẹ jẹ́ ká fi ìjà yìí sílẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sílé lọ́dún, ẹ jí àwọn ọmọ lórí afárá, kí ẹ sọ orúkọ odò náà méjèèjì fún wọn. Kí ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti kó wọn lọ sí Ughoton àti Ọ̀wọ̀.

Ilẹ̀ yìí á gbè wá o. Àṣẹ.