Ẹ̀yin tí ẹ ń yin bíà Steam, kí ni tchakpalo ṣẹ̀ yín?

Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gba ọtí láàyè, kó má bínú sí wa. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ilé wa ló wà nílẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà nílé. Kò burú. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń yin bíà Steam ti San Francisco: ó pọ́n bí idẹ, ìfófòó rẹ̀ ki, ó ń rùn bíi búrẹ́dì yíyan, ó sì ń korò díẹ̀ tó bá dé ọ̀fun. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń sọ pé tchakpalo tí ìyá wọn ń ṣe jẹ́ ọtí ará oko, ọtí tálákà. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá wọn fà á.

Ṣé wọ́n mọ ibi tí Steam ti wá? Ọtí tálákà lòun náà! Láti 1849 tí wúrà ti ń fa èèyàn lọ sí California, àwọn ará Jámánì tó mọ lager pọn bá wọn débẹ̀. Òtútù ni lager ń fẹ́: nǹkan bíi 7 sí 13°C ni ìwúkàrà rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa, lẹ́yìn náà wọ́n á tún tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Yìnyín ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, fìrígò ò sì tíì sí. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n da omi ọkà gbígbóná sínú ọpọ́n fífẹ̀ tí kò jìn kí afẹ́fẹ́ òkun lè tù ú, wọ́n sì jẹ́ kí ìwúkàrà lager ṣiṣẹ́ nínú ooru tó wà nílùú. Àwọn kan ní ooru tó ń rú lójú ọpọ́n yẹn ló fún ọtí náà lórúkọ. Àwọn mìíràn ní ariwo ṣìì tí àgbá máa ń pa tí wọ́n bá ṣí i ni. Ọtí òṣìṣẹ́ ni, kò wọ́n.

Ó kù díẹ̀ kó parẹ́. Ní 1965, Fritz Maytag ra ilé ọtí Anchor tó fẹ́ kógbá sílé, ó tún ibẹ̀ ṣe, nígbà tó di 1971 ó ti ń rọ Steam sínú ìgò. Ilé ọtí náà fi òfin dáàbò bo orúkọ yẹn débi pé California Common ni àwọn tó kù ń pe tiwọn. Ohun tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú nìyẹn o!

Ẹ wá wo tiwa. Ìyá tó ń ṣe tchakpalo á rẹ ọkà bàbà, á jẹ́ kó hù, á sá a, á lọ̀ ọ́, á sè é, á jẹ́ kó tutù, á wá fi kpètè-kpètè sí i, ìyẹn ìwúkàrà tó tọ́jú láti ara ti tẹ́lẹ̀. Jíjẹ́ kí ọkà hù yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe sí ọkà báálì nílé iṣẹ́ bíà, kí inú ọkà lè di ṣúgà, kí ìwúkàrà sì sọ ṣúgà di ọtí. Ìyá yẹn ò wá fìrígò, torí ìwúkàrà tirẹ̀ ti mọ ooru ilẹ̀ wa. Ọgbọ́n tí àwọn ará California ń wá kiri, ó ti wà nínú ìkòkò rẹ̀.

Ẹ ní tiwa dọ̀tí. Bí ìkòkò bá dọ̀tí, olówó ìkòkò la ń bá wí. Ẹni tó ń pọn Steam tí kò fọ garawa àti ìgò rẹ̀ mọ́, ọtí kíkan lòun náà máa mu. Ẹ ní kì í ju ọjọ́ méjì lọ kó tó kan. Bẹ́ẹ̀ ni, a pọn ọ́n fún mímu lójú ẹsẹ̀ ni, a ò pọn ọ́n fún ọkọ̀ ojú omi.

Steam fúnra rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bíi 13 sí 18°C. Yàrá wa ń lọ sí 28, 30. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é níbí gbọ́dọ̀ gbé garawa rẹ̀ sínú omi, kó máa pààrọ̀ ìgò yìnyín láàárọ̀ lálẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọtí náà á máa rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Ẹ ṣe é tí ẹ bá fẹ́. Àmọ́ ẹ̀kọ́ inú Steam ni pé wọ́n wo ojú ọjọ́ ìlú wọn, wọ́n pọn ọtí tó bá a mu. Èwo ló bá tiwa mu?

Nígbà tí wọ́n ti Anchor pa ní 2023, àwọn èèyàn kárí ayé ló kẹ́dùn. Tí ìyá tó ń ṣe tchakpalo ládùúgbò yín bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ta ni yóò mọ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, òṣùwọ̀n àti ìwé tí ẹ rà nítorí Steam, ẹ kó wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ìyá yín. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ béèrè. Ẹ kọ kílò bàbà sílẹ̀, ẹ kọ omi, ẹ kọ wákàtí. Ta ló ṣì ń ṣe é lọ́dọ̀ yín? Ẹ sọ fún wa.