Kí Olùkọ́ Tó Dá Gúrúùpù Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé gírámà nílùú Ìbàdàn ló ní òfin pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ mú fóònù wá sí kíláàsì. Bí olùkọ́ bá ká fóònù mọ́ ọmọ lọ́wọ́, á gbà á, á sì ní kó lọ pe òbí rẹ̀ wá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, olùkọ́ yìí lè fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Fóònù ta ni kí ọmọ fi wò ó? Aago mélòó? Ta ni yóò jókòó tì í? Kò sẹ́ni tó béèrè.

Agbowó ni kí ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀rọ̀ yìí kedere lọ. Àdúgbò tó kọjú sí ẹnu géètì Yunifásítì Ìbàdàn ni. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ẹni tó ń ta dátà, ẹni tó ń bá ni tún fóònù ṣe, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ. Lẹ́yìn tí GSM dé sí Nàìjíríà ní 2001, kafé làwọn ọ̀dọ́ ń jókòó sí mọ́jú kí wọ́n tó lè rí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Lónìí, kafé ti wọ àpò ṣòkòtò. Ọmọ tó ń dàgbà ní Agbowó ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n jọ ń gbé lágbo ilé kan náà, bí wọ́n ṣe ń gba ìwé, nóòtì àti ìkéde lórí Telegram. Ó ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ wà lórí ẹ̀rọ kí olùkọ́ tirẹ̀ tó sọ fún un. Ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ti wọ ilé ìwé láìkan ilẹ̀kùn. Ohun tó kù ni kí olùkọ́ àti òbí jókòó, kí wọ́n yan iṣẹ́ tí yóò máa ṣe fún un, kí wọ́n sì fi ààlà sí i.

Irú èyí kò ṣàjèjì sí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù October, 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú yìí, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣì jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Lára ohun tí ìjọba rẹ̀ ní lọ́kàn ni pé kí tẹlifíṣọ̀n ran ètò ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955 ti kó ọmọ rẹpẹtẹ wọ ilé ìwé, olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò sì kárí. Bí wọ́n ṣe ń lo ètò ilé ìwé lórí rédíò láyé ìgbà náà yẹ kí a rántí dáadáa. Rédíò á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kíláàsì á dákẹ́ rọ́rọ́, tó bá parí, olùkọ́ á dìde, á ṣàlàyé, á béèrè ìbéèrè. Ẹ̀rọ mú ohun tí kò sí nínú kíláàsì wá, ènìyàn ló fi kọ́ ọmọ. Ìròyìn tí àjọ UNESCO gbé jáde ní 2023 lórí ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ kò jìnnà sí èyí: kí ẹ̀rọ ran olùkọ́ lọ́wọ́, kó má gba ipò rẹ̀.

Ohun tó da nǹkan rú fún wa ni ọdún 2020. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ìwé pa ní oṣù March, àwọn ìpínlẹ̀ kan gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni sì sá lọ sórí WhatsApp. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní fóònù tó dára, tó sì rí owó dátà, kà á débi kan. Èyí tí kò ní, ó jókòó sílé. Ìgbà tí ilé ìwé tún ṣí, gúrúùpù WhatsApp wọ̀nyẹn kò kú. Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń lò lónìí, inú ìdààmú ọdún yẹn ni wọ́n ti bí i, wọn kò sì fún un lófin kankan títí dòní. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àdúrà òwúrọ̀, ìpolówó gàrí Ìjẹ̀bú, ìròyìn tí kò lórí tí kò nídìí àti àwòrán ìkíni ọjọ́ ìbí ló ń bo ìṣirò tí olùkọ́ fi ránṣẹ́ mọ́lẹ̀. (Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àdúrà ṣe lè ṣèdíwọ́ fún ẹ̀kọ́, kó wọ gúrúùpù òbí kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.)

Síbẹ̀, ibì kan wà tí WhatsApp ti lè ṣe ohun tí pátákó ìkọ̀wé kò lè ṣe láéláé. Ohùn ni. Ẹ wo olùkọ́ Yorùbá tó wà níwájú ọgọ́ta ọmọ. Ó fẹ́ kọ́ wọn ní àmì ohùn. Ó pe ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó wà níwájú gbọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn fọwọ́ kọ ohun tí wọ́n rò pé àwọn gbọ́. Ojú kì í jẹ́ kí ọmọ nawọ́ sókè pé kí olùkọ́ tún un pè. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sórí fóònù, tó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọmọ lè gbọ́ ọ nílé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó fi àmì sí i, kó mú ìwé rẹ̀ wá sí kíláàsì lọ́jọ́ kejì kí wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kọ́ ṣì wáyé nínú kíláàsì. Ohùn olùkọ́ ló bá ọmọ délé.

Ẹ yí i padà, kí ohùn ti ilé wá sí kíláàsì, ó tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbowó kì í ṣe àdúgbò ọmọ Ìbàdàn nìkan. Ará Òkè-Ògùn wà níbẹ̀, ará Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Ọ̀ṣun, àti àwọn tí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí wọn. Kí olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bẹ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà rẹ̀ kó ki oríkì ìdílé wọn fún ìṣẹ́jú kan, kí òbí gbà á sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí olùkọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kíláàsì JSS 2 á ní oríkì àti ẹ̀ka èdè tí kò sí nínú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ kankan, ìyá àgbà tí kò mọ̀wé rí á sì di olùkọ́. Olùkọ́ ìṣirò náà kò gbọdọ̀ jókòó lásán. Ọjà Bódìjà kò jìnnà. Kí ó gba iye tí kọ́ńgò ẹ̀wà jẹ́ lọ́sẹ̀ yìí àti lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ́wọ́ àwọn òbí tó ń nájà níbẹ̀, kí ó fi ìyẹn kọ́ ọmọ ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó ti gbọ́ ariwo ìyá rẹ̀ lórí owó ẹ̀wà kò ní í béèrè ohun tí ìṣirò náà wúlò fún.

Àwọn kan ti fi ìkànnì ṣiṣẹ́ fún èdè wa ṣáájú wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù March, 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún, ọmọ Ìbàdàn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣe agbátẹrù ọjọ́ kan tí àwọn èèyàn fi Yorùbá kọ̀wé sórí Twitter, kí ilé iṣẹ́ náà lè ka Yorùbá mọ́ àwọn èdè tó ń lò. Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, akéwì tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò àti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ni bàbá rẹ̀. Ohun tí bàbá fi rédíò ṣe, ọmọ fi Twitter ṣe é. Ṣùgbọ́n Twitter yìí náà ni ìjọba àpapọ̀ tì pa ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 5 oṣù June, 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù January, 2022. Olùkọ́ tó bá kó gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí ìkànnì kan ṣoṣo, kó rántí oṣù méje yẹn. Kí ojúlówó ohùn, àwòrán àti ìwé wà lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé tàbí nínú fáìlì tí iná àti ìjọba kò lè tì pa.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ní January 2025, àjọ NCC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fóònù gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi iye tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè àti dátà. Òbí tó ń ṣọ́ owó gáàsì àti owó mọ́tò kò lè máa ra dátà nítorí fídíò olùkọ́. Ohùn ìṣẹ́jú méjì lórí WhatsApp kì í tó MB kan. Fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún lè jẹ ogún MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ohùn àti àwòrán kan bá tó láti ṣàlàyé nǹkan, kí olùkọ́ má fi fídíò ránṣẹ́. Kí òbí náà pa ètò tó ń gba fídíò wọlé fúnra rẹ̀ lórí fóònù, nítorí ìyẹn ló sábà ń jẹ dátà nígbà tí a bá sùn.

Ibi tí ewu wà gan-an ni nọ́ńbà àti àwòrán ọmọ. Bí ọmọ bá wà nínú gúrúùpù WhatsApp, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń rí nọ́ńbà rẹ̀, títí kan àbúrò òbí ẹlòmíràn tó ń bá wọn lo fóònù. Àwòrán ọmọ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù tí orúkọ ilé ìwé wà láyà rẹ̀, tí wọ́n gbé sójú Facebook pé ó gba ipò kìíní, sọ orúkọ ọmọ, ojú ọmọ àti ibi tí èèyàn ti lè rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú òbí á dùn, inú ajọ́mọgbé náà á dùn. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ní kí wọ́n gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí wọ́n tó lo ìsọfúnni ọmọdé, òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 sì dáàbò bo àṣírí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ìwé àṣẹ tí òbí fọwọ́ sí kì í ṣe àṣejù.

Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. WhatsApp, Facebook, Instagram àti TikTok fúnra wọn ló kọ ọ́ sínú òfin wọn pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ ṣí àkáǹtì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ JSS 1 kò tíì pé bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè Australia tilẹ̀ fi òfin de ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 lórí TikTok, Instagram, Facebook àti irú wọn láti ọjọ́ 10 oṣù December, 2025, ṣùgbọ́n wọ́n yọ WhatsApp àti Google Classroom sílẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú ìyàtọ̀ tí wọ́n ṣe yẹn. Èyí tó kàn ń gbé iṣẹ́ láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹnì kejì kò dà bí èyí tó ń ti fídíò lé fídíò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí olùkọ́ má rán ọmọ lọ sórí TikTok láti wá ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú kan, nítorí ibi tí ọmọ á bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú náà, olùkọ́ kò mọ̀ ọ́n.

Mo sì gbọdọ̀ mẹ́nu kan expo, ìyẹn ìdáhùn ìdánwò tí wọ́n ń tà fún ọmọ. Ní 2024, àjọ WAEC dá èsì àwọn olùdánwò 215,267 dúró ní Nàìjíríà nítorí ẹ̀sùn màgòmágó. Orí WhatsApp àti Telegram ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ìdáhùn ayédèrú ti ń pa àwọn ọmọ lówó. Gúrúùpù tí olùkọ́ dá sílẹ̀ fún SS 3, tó sì fi sílẹ̀ láìbojú wò ó, kì í pẹ́ di ọjà wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbà bá wá ti kúrò lọ́jà ńkọ́?

Ohun tí màá fẹ́ kí ilé ìwé ṣe nìyí. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3, nọ́ńbà òbí ni kó wà nínú gúrúùpù, kì í ṣe ti ọmọ. Kí ádímìn tó méjì, kí olórí ilé ìwé jẹ́ ọ̀kan, kí wọ́n sì ṣí ètò tó jẹ́ pé ádímìn nìkan ló lè kọ̀wé síbẹ̀. Àdúrà àti gàrí á wá àyè míì. Kí iṣẹ́ má wọlé lẹ́yìn aago méje alẹ́. Kí olùkọ́ kankan má bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lórí fóònù, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Ọmọ SS tó ti ní fóònù tirẹ̀, kí òbí rẹ̀ ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé ẹni tí ọmọ mọ̀ nìkan ló lè fà á wọ gúrúùpù. Gbogbo ohun tó bá lọ sórí WhatsApp, kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde fún ọmọ tí ilé wọn kò ní fóònù. Bó bá sì jẹ́ ohùn ni, kí olùkọ́ tún un pè fún wọn ní kíláàsì. Agbowó kò ṣàìní ibi ìtẹ̀wé. Kí olùkọ́ má sì yọ máàkì ẹnikẹ́ni nítorí pé dátà tán nílé wọn.

Ẹ̀yin òbí, ìpàdé PTA tó bá kọ́kọ́ wáyé ní sáà tó ń bọ̀, ẹ dìde, ẹ béèrè: ta ni ádímìn? Ta ló ń rí nọ́ńbà ọmọ wa? Ibo ni àwòrán wọn wà? Kí ni ọmọ tí kò ní fóònù ń ṣe? Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ìwé ìpàdé. Bí wọn kò bá tíì rí i, kí wọ́n ti gúrúùpù náà pa títí wọn yóò fi rí i.