OWÓ WÚRÀ ÌYÁ RẸ KÌ Í ṢE PỌ́N-ÙN KAN LÁSÁN

 

Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn wá. Ọ̀kan nínú wa ta owó wúrà tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀, èyí tí àwòrán ọkùnrin orí ẹṣin tó ń pa dírágónì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó rà á ní, "Mọ́mì, pọ́n-ùn kan ṣáá ni, owó òyìnbó àtijọ́," ó sì ka ìwọ̀nba náírà sí i lọ́wọ́. A ò fẹ́ kí irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Lóòótọ́, pọ́n-ùn kan ni wọ́n ń ná an ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, láti 1817 títí ogun 1914 fi dé. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn ìgbà yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ tòní. Ogún ṣílè ni. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó aláìní tó ti pé 70 ọdún lówó ní 1909, ṣílè 5 ni ẹnì kan ń gbà lọ́sẹ̀. Owó wúrà kan ṣoṣo tó owó arúgbó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nìyẹn!

Ẹ wá wo tiwa. Ní January 1973, pọ́n-ùn Nàìjíríà kan di ₦2. Ẹni tó fi pọ́n-ùn bébà pamọ́, tó lọ pààrọ̀ rẹ̀, ₦2 náà ló ṣì jẹ́ títí dòní. Kò lè ra omi inú ọ̀rá kan. Ẹni tó fi ti wúrà pamọ́ ńkọ́? Wúrà inú rẹ̀ nìkan ju ₦500,000 lọ lónìí. Orúkọ kan náà ni, owó kan náà kọ́.

Kí ló fà á? Wọn ò kọ iye kankan sára owó wúrà yẹn. Ìwọ̀n rẹ̀ ni iye rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 8, bí a bá sì pín in sí ọ̀nà 12, 11 nínú rẹ̀ jẹ́ wúrà. Àwa tí à ń fi kọ́ńgò wọn gààrí lójoojúmọ́, ṣé ó yẹ kí ẹnì kan fi ẹnu lásán wọn wúrà fún wa?

Nítorí náà, ohun tí àwa ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má tà á lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín. Ẹ má fi eérú fọ̀ ọ́ o. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ kì í fẹ́ èyí tí wọ́n ti ha lára. Ayédèrú náà sì wà: bí màgínẹ́ẹ̀tì bá fà á, kì í ṣe wúrà rárá. Bí kò bá fà á, ẹ ṣì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá tó fi í sílẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ má jẹ́ ká ta ohun tó wúwo ní owó fúyẹ́fúyẹ́. Ire o.